Ẹni Tó Ń Jókòó Lápá Òsì Olúmúyìwá

Tí wọ́n bá ní kí gbogbo ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀ ní Adó-Èkìtì wá tò sórí ìlà, ìlà náà á gùn láti Fájúyì dé Ìjìgbò, á tún ṣẹ́rí padà. Olúmúyìwá nìkan ló máa dá dúró níwájú gbogbo wọn, tí á máa fi ọwọ́ kan tẹ̀wé, tí á máa fi ìkejì jẹ bọ̀ọ̀lì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ o, kò sì sẹ́ni tó tíì dìde sọ pé irọ́ ni.

Jọ́gíráfì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n jọ́gíráfì kọ́ ló sọ ọ́ di ẹni táyé mọ̀. Ìbéèrè ìdánwò ni. Tí táàmù bá ti ń parí lọ, àwọn tíṣà á fi ọwọ́ kọ ìbéèrè wọn sórí bébà, wọn á kó o wá bá Olúmúyìwá, òun ni á tẹ gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe iléèwé tiẹ̀ nìkan. Wọ́n ń gbé e wá láti Ìyìn, wọ́n ń gbé e wá láti Ìgèdè, òmíràn á dé nínú àpò gààrí, òmíràn á ti mu epo. Kò kàn án. Á tẹ́ bébà sápá òsì rẹ̀, á fọrùn sápá ibẹ̀, ìka rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò orí páànù. Ewúrẹ́ á sá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin tó sá gbáàgúdá sí òdìkejì títì á sáré wá kó o nílẹ̀.

Ìdí iṣẹ́ yìí náà ló ti rí ìyàwó. Lọ́jọ́ kan, wọ́n kó ìbéèrè wá láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìgèdè, ó wo ìkọ̀wé tó wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò lè tẹ nǹkan kan. Gbogbo lẹ́tà tò bí ọmọ iléèwé lórí ìlà ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Gbogbo "g" ló ká ìrù sábẹ́ bí ológbò tó ń sùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀ tó máa rọra tẹ̀wé, nítorí kò fẹ́ kó tán. Nígbà tó sì tán, kò dúró kí wọ́n wá gbé e. Ó gun ọ̀kadà, ó di Ìgèdè, ó ní òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun fún tíṣà tó kọ ọ́. Bí Monínúọlá ṣe jáde láti kíláàsì pẹ̀lú ẹfun ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, Olúmúyìwá ní, "Mo ti mọ̀ yín tipẹ́." Monínúọlá ní, "Níbo?" Ó ní, "Lápá òsì mi."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Wọ́n gba ilé sí Òkè-Ìlá. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ Kánádà dé.

Ọ̀rọ̀ náà kò le púpọ̀. Wọ́n ń wá tíṣà ọmọdé níbẹ̀, ìwé Monínúọlá sì pé. Ohun tó kù ni ìdánwò èdè òyìnbó, tí tọkọtaya gbọ́dọ̀ ṣe, tí àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ yege tí wọ́n bá fẹ́ jọ lọ. Monínúọlá ti ṣe tiẹ̀ lọ́dún tó kọjá ní Àkúrẹ́, orí bébà ló ti ṣe é, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù tó gbẹ́ títí tí ẹnu rẹ̀ fi mú ju abẹ́rẹ́ lọ. Ó yege wẹ́rẹ́. Olúmúyìwá fi í rẹ́rìn-ín láti Adó dé Àkúrẹ́ lọ àti bọ̀.

"Pẹ́ńsùlù! Láyé ìsinsìnyí! Kí ló dé tí o ò kúkú gbé síléètì lọ?"

"Jẹ́ kí n yege tèmi ná," ni Monínúọlá wí.

"Tèmi, kọ̀ǹpútà ni màá fi ṣe é. Kí wọ́n tó ní ẹ bẹ̀rẹ̀, màá ti tẹ̀ ẹ́ tán. Àwọn òyìnbó á ránṣẹ́ pè mí pé kí n rọra o, pé iná ń jáde lára másìnnì àwọn."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe forúkọ sílẹ̀ fún ti kọ̀ǹpútà tó máa wáyé ní Adó. Tí kò bá yege, Monínúọlá á kọ́kọ́ máa lọ, òun á wá tẹ̀lé e tó bá yá. Gbogbo Òkè-Ìlá ló mọ ohun tí "tó bá yá" ń jẹ́. Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò wọn tí ìyàwó rẹ̀ lọ, tó ní kó máa bọ̀ tó bá yá. Ọmọ wọn ń rákò nígbà náà. Ọmọ náà ti ń fá irùngbọ̀n báyìí.

Bọ̀ọ̀dá Ọláyíwọlá ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Òkè-Ìlá níbẹ̀ tí àwọn èèyàn ti ń fi kọ̀ǹpútà dán ara wọn wò kí ọjọ́ ìdánwò gangan tó dé. Lọ́sàn-án Sátidé kan, Olúmúyìwá lọ síbẹ̀. Wọ́n ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń jà lórí bébà àti kọ̀ǹpútà bí ẹni ń jà lórí ilẹ̀ bàbá wọn.

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́mi, tó ń gbé lẹ́yìn ilé Olúmúyìwá, ló ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. "Bébà ni tèmi. Tí mo bá ń kàwé, mo máa ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ń sá fún mi. Mo bá ń yí i sókè, mo ń yí i sísàlẹ̀, orí ń fọ́ mi."

Adéolúwa, ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì, gbá ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. "Àǹtí, ẹ gbà á gbọ́, kọ̀ǹpútà ń bá yín ka iye ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ! Lórí bébà, ẹ̀yin ni ẹ máa fi ìka kà á. Tí ẹ bá sì fẹ́ ti ìlà kan bọ àárín, ẹ máa pa rọ́bà mọ́ bébà títí á fi lu."

"Gbígbọ́ ńkọ́?" ẹnì kan bi Nọ́ọ̀sì. "Lórí bébà, rédíò kan ni wọ́n máa gbé síwájú gbogbo yín. Tí akúkọ bá kọ ní ìta, ó ti bá ìdánwò lọ."

"Ti kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń fi nǹkan bo etí," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Mo gbà yẹn. Ṣùgbọ́n ariwo kíbọ́ọ̀dù àwọn ará ẹ̀gbẹ́ mi ńkọ́? Tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ń tẹ̀ ẹ́ gbàràgbàrà, ṣe ni èmi máa rò pé mo ti já."

Olúmúyìwá fẹ̀yìn ti òpó. "Nọ́ọ̀sì, ẹ gbàdúrà kí wọ́n má fi yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ náà. Ẹ máa rò pé àrá ni."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀," ni Bọ̀ọ̀dá Ọláyíwọlá wí. "Tíṣà, ẹ wọlé. Ẹ wá fi àrá náà hàn wá."

Olúmúyìwá wọlé, gbogbo wọn sì fún mọ́ ẹnu ọ̀nà láti wòran. Ó ṣe gbígbọ́, ó ṣe kíkà, wọ́n rọrùn fún un. Ó kan kíkọ. Ìbéèrè náà yọ lójú kọ̀ǹpútà: ṣé ó dáa kí ọmọ dàgbà ní ìlú kékeré ju ìlú ńlá lọ? Olúmúyìwá na ìka, ó ta á bí ẹni fẹ́ ta ayò, ó gbé e lé kíbọ́ọ̀dù, ó sì fọrùn sápá òsì.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó tún gbé ojú wo iwájú. Ó tún fọrùn sápá òsì. Tábìlì nìkan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú èérà kan tó ń bá tiẹ̀ lọ. Ìka rẹ̀ dúró gbagidi lórí kíbọ́ọ̀dù bí ìka ère. Ó yá, ó rántí pé wọ́n máa ń fún èèyàn ní bébà àti pẹ́ńsùlù tó lè fi ṣe iṣẹ́ ránpẹ́. Ó gbà á. Ó fi ọwọ́ kọ gbogbo èsì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wá tẹ́ bébà náà sápá òsì, ó fọrùn sí i, òjò sì bẹ̀rẹ̀! Àwọn ará ẹnu ọ̀nà pàtẹ́wọ́. Adéolúwa ní, "Yéè, Tíṣà!" Wọn ò tíì dẹ́kun àtẹ́wọ́ tí kọ̀ǹpútà fi ní àkókò ti tó, tó pa ojú dé mọ́ ọn láàárín gbólóhùn.

Nínú mẹ́sàn-án, mẹ́fà ló yẹ kó gbà. Mẹ́rin àbọ̀ ni kọ̀ǹpútà fún un ní kíkọ. Wọn ò pàtẹ́wọ́ mọ́. Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́mi tilẹ̀ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyẹn ló sì dun Olúmúyìwá jù.

Nígbà tó délé, ó ní iná ló lọ.

"Iná lọ," ni Monínúọlá wí. Ó ń bó ẹ̀gúsí, kò gbójú sókè. "Jẹnẹrétọ̀ Bọ̀ọ̀dá Ọláyíwọlá ńkọ́?"

"Òun náà kú. Ó bú gbàù! Èéfín gba gbogbo—"

"Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́mi ti kọjá níbí."

Olúmúyìwá jókòó.

"Ṣé wọ́n lè yí i padà sí ti bébà?" ni ó bèèrè, pẹ̀lú ohùn tí ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ rí.

"Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Ọjọ́ ti sún mọ́lé." Monínúọlá gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Gbé kọ̀ǹpútà ẹ wá. Tẹ nǹkan kí n rí i."

"Kí ni kí n tẹ̀?"

"Ohunkóhun tó bá wù ẹ́."

Ó gbé e wá. Ó gbé ìka lé e. Ọrùn rẹ̀ sì tún yí sápá òsì. Monínúọlá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò ó, ó ń wo ọrùn náà. Ó gbé ìwé ìlànà iṣẹ́ tó fi ọwọ́ kọ fún kíláàsì rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síbẹ̀. Òjò rọ̀! Ó mú un kúrò. Òjò dá. Ó tún tẹ́ ẹ síbẹ̀, òjò tún rọ̀. Ó mú un kúrò.

"Olú mi, láti ìgbà tí o ti ń tẹ̀wé, ṣé o ti tẹ ọ̀rọ̀ tìrẹ rí?"

Olúmúyìwá la ẹnu láti sọ pé àìmọye ìgbà. Ó ronú kan ìbéèrè Ìyìn, ó ronú kan ti Ìgèdè, ó ronú kan lẹ́tà ìwáṣẹ́ tó bá gbogbo àdúgbò tẹ̀, ó ronú kan ètò ìsìnkú bàbá ẹni tó ni ilé wọn. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni gbogbo rẹ̀.

"Gbogbo ariwo tí mo ń pa yìí," ni ó wí. "Mi ò tẹ tèmi rí, Mọ́ní. Mi ò tiẹ̀ mọ̀."

Ẹni tó mọ Monínúọlá á ti máa retí pé òun náà máa rẹ́rìn-ín báyìí, kó gbẹ̀san pẹ́ńsùlù Àkúrẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga kan, ó gbé e sápá òsì ọkọ rẹ̀ níbi tí bébà máa ń wà, ó sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gúsí rẹ̀.

"Èmi nìyí. O ń bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ láì wo bébà kankan, mi ò sì rí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu ẹ. Fi ìka sọ ọ́ fún mi."

"Kí ni kí n sọ?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìbéèrè ìṣirò tí o máa ń sọ pé ewúrẹ́ jẹ?"

Olúmúyìwá wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, á tẹ, á dúró, á wo ojú Monínúọlá, á tún tẹ. Ewúrẹ́ náà tóbi bí màlúù nígbà tó fi parí. Monínúọlá kà á, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dà sílẹ̀.

Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ wọn nìyẹn láti ọjọ́ yẹn. Tí àwọn méjèèjì bá ti ti iléèwé dé, Monínúọlá á jókòó sápá òsì, á máa ṣa ẹ̀wà tàbí kó máa máàkì ìwé àwọn ọmọ, á sì ju ìbéèrè sí i bí ẹni ju òkò.

"Èmi ò gbà pé ìlú ńlá dáa fún ọmọ."

"Ṣé o ti gbé ìlú ńlá rí?"

"Má fi ẹnu dá mi lóhùn! Fi ìka dá mi lóhùn!"

Ó ń yára sí i. Kò tíì di òjò, ṣùgbọ́n ó ń sẹ̀. Wàhálà kan ṣoṣo ló wà. Tí Monínúọlá bá dìde lọ wo ọbẹ̀, ìka á dúró. Kò sì sí ìdánwò tí wọ́n ti máa gbà kí ìyàwó èèyàn gbé ẹ̀gúsí wá jókòó. Monínúọlá rò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìborùn rẹ̀ sórí àga tó bá dìde. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó yá, ó mú ìborùn kúrò, ó fi àga sílẹ̀ lásán.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó fi àga nìkan sílẹ̀ yẹn, ó lọ ra epo ní ìkóríta. Nígbà tó fi dé, ó gbọ́ kíbọ́ọ̀dù láti ojúde. Ó rọra wọlé. Olúmúyìwá ti dìde, ó wà ní ojú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Monínúọlá tẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà, ó kà á.

Òyìnbó náà rọrùn bí ti ọmọ kíláàsì rẹ̀. Kò sí màlúù níbẹ̀, kò sí àrá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe àìdé Kánádà ló ń bà á lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kó jí ní Òkè-Ìlá láàárọ̀, kó yí sápá òsì, kí ibẹ̀ tutù. Ó ní òun mọ̀ pé tí òun bá já, Monínúọlá náà á ní òun ò lọ mọ́, òun ò sì ní lè gbé ayé kí òun mọ̀ pé ìka òun ló dá a dúró.

Monínúọlá jókòó. Ó ṣe àtúnṣe síbi méjì, nítorí tíṣà ni. Ó wá dìde, ó lọ gbé ọwọ́ lé ọrùn ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn, ibi tó máa ń yí náà gan-an, ó sì fi í síbẹ̀.

"Èyí," ni ó wí, "kò ní gba mẹ́rin àbọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ìyá Olúmúyìwá dé láti Ìyìn pẹ̀lú aṣọ funfun ìjọ Àládùúrà rẹ̀ lọ́rùn àti omi àdúrà nínú ike.

"Tí o bá ti débẹ̀, kí o bu omi yìí wọ́n ara másìnnì náà. Gbogbo ara ẹ̀. Kí uṣẹ́ náà lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn."

"Màmá, tí mo bá wọ́n omi sí i, yóò kú ni."

"Áà! Ẹ̀mí tó wà nínú ẹ̀ ni kó kú!"

"Màmá, wọ́n á tì mí mọ́lé," ni Olúmúyìwá wí.

"Ẹ jẹ́ kó mu ún, Mà," ni Monínúọlá bá wọn dá sí i. "Inú tiẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa jáde."

Màmá rò ó wò, wọ́n gbà. Olúmúyìwá mu ún tán láìfi kán sílẹ̀.

Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, pákó ni wọ́n fi dá èèyàn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Adéolúwa wà, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu kíbọ́ọ̀dù bí ẹni gún iyán ìgbéyàwó. Gbogbo gbọ̀ngàn ń dún. Gbígbọ́ kọjá, kíkà kọjá, kíkọ dé. Ìbéèrè náà ní: àwọn kan gbà pé ẹni tó bá kúrò nílé lọ síbi tó jìnnà, ohun tó máa pàdánù pọ̀ ju ohun tó máa rí lọ. Kí ni èrò tìrẹ?

Ọrùn rẹ̀ yí sápá òsì. Pákó ló wà níbẹ̀, wọ́n kun ún ní àwọ̀ eérú. Ìka rẹ̀ dúró. Ó wo pákó náà. Ó rí àga kan lọ́kàn rẹ̀, kò sí ìborùn lórí rẹ̀, kò sì sí ẹ̀gúsí. Ó gbọ́ ohùn Monínúọlá tó ní, "Èmi ò gbà o. Sọ tìrẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Kò dún bí òjò. Bí ìrì ló ṣe ń sẹ̀, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ní ohun tí èèyàn máa pàdánù sinmi lórí ẹni tó bá mú dání lọ. Ó ṣàlàyé rẹ̀, ó fi àpẹẹrẹ ọkùnrin àdúgbò wọn tì í lẹ́yìn, ó fi ìyókù gbè é. Ó ṣì kù díẹ̀ kí àkókò tó tó nígbà tó kọ gbólóhùn ìkẹyìn. Ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Monínúọlá ń dúró lábẹ́ igi fúrúùtù lẹ́nu géètì, ó mú omi tútù dání. Ó ti múra sílẹ̀ láti gbọ́ pé iná jáde, pé wọ́n fi ọkọ̀ panápaná pa á.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Mo kọ ọ́ tán."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Monínúọlá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e níwájú orí, ó ń wò ó bóyá ibà ni. Ni Olúmúyìwá bá di ọwọ́ náà mú, kò sì jù ú sílẹ̀ títí wọ́n fi dé Òkè-Ìlá, lójú gbogbo ọlọ́kadà.

Nígbà tí èsì jáde, mẹ́fà àbọ̀ ló gbà ní kíkọ. Kí ìròyìn náà tó dé Fájúyì, ó ti di mẹ́sàn-án. Nígbà tó fi dé Ìyìn, Màmá ti ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn òyìnbó fẹ́ kó ìdánwò náà fún ọmọ àwọn, kó máa bá wọn ṣe é.

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́mi wá kí wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń di ẹrù. Ìdánwò tiẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

"Tíṣà, ẹ bá mi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Bébà àbí kọ̀ǹpútà, èwo ló dáa?"

Olúmúyìwá gbé àyà sókè. Ó la ẹnu. Ó wá yí ọrùn sápá òsì, níbi tí Monínúọlá ti ń ká aṣọ, ó sì wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ wá ẹni tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀. Èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì, ẹ mú un."

Monínúọlá gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí i.

"Ṣùgbọ́n tèmi o," ni Olúmúyìwá fi kún un, "tí ẹ bá dé gbọ̀ngàn náà, ẹ bi wọ́n léèrè. Títí di òní, kíbọ́ọ̀dù tí mo lò, wọn ò tíì lè fọwọ́ kàn án. Ó ṣì ń gbóná."

Monínúọlá ń ká aṣọ rẹ̀ lọ, ó jẹ́ kó sọ ọ́.